Kọ́ìlì Wo Ni Ó Yẹ fún Wíwá Wúrà ní Ilẹ̀ Olókùúta?

Ọ̀rọ̀ fún àwọn olùgbọ́ ní yàrá ìkàwé àwọn abúlé agbègbè Ẹdẹ

 Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ owó, ó jẹ mọ́ ilẹ̀, ó sì jẹ mọ́ sùúrù. Láti ìgbà tí òkìkí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti kàn káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ro bí wọn yóò ṣe ra ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ditẹ́ktọ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ti múra tán láti fi oko kòkó baba rẹ̀ dógò nítorí rẹ̀.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí yóò sábà gbọ́ ni pé kí ó ra èyí tí kọ́ìlì rẹ̀ tóbi jù, nítorí òun ni yóò rí wúrà tí ó jìn jù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ní ilẹ̀ olókùúta, nínú igbó dídí àti lórí ilẹ̀ pupa, kọ́ìlì ńlá lè sọ ẹni tí ó rà á di alárù lásán, tí yóò máa gbé ẹrù wúwo kiri láti àárọ̀ di alẹ́ láìrí nǹkan kan. Nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ náwó mọ ohun tí kọ́ìlì jẹ́, kí ó mọ irú èyí tí ó bá ilẹ̀ mu, kí ó sì mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá.

IBI TÍ WÚRÀ GBÉ WÀ

Ọ̀já ilẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ wúrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò gba abẹ́ ìlú Ẹdẹ kọjá. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó wà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè Iléṣà, Ìperindó, Ìtagúnmodi àti Ìbòdì. Ọ̀nà méjì ni wúrà ibẹ̀ pín sí. Èkínní há sínú òkúta funfun líle tí ó la àárín àpáta kọjá bí iṣan ti í la ara ènìyàn. Irú èyí ni ti agbègbè Ìperindó. Ìtòsí ibẹ̀ ni ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Thor Explorations ti da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 2021. Kì í ṣe ditẹ́ktọ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń wa ibẹ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá ni ó ń gbẹ́ àpáta, tí ó sì ń lọ̀ ọ́ kúnná kí wúrà tó jáde.

Èkejì ni wúrà tí òjò àti ọ̀gbàrá ti wẹ̀ kúrò lára òkúta láti ìgbà láéláé, tí ó sì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ inú odò. Irú èyí ni àwọn tí ń fi ọwọ́ wa kùsà ń lé kiri ní ìhà Ìtagúnmodi.

Ohun kan gbọ́dọ̀ yé gbogbo ènìyàn níhìn-ín. Púpọ̀ nínú wúrà inú odò ni ó kúnná bí èlùbọ́. Kò sí kọ́ìlì tí ènìyàn ń fi ọwọ́ gbé, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, tí yóò ké fún wúrà tí ó kúnná tó bẹ́ẹ̀. Wúrà tí ó ní hóró ni ditẹ́ktọ̀ wà fún. Nítorí náà, igbá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí kọ́ìlì tó sọ tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá bu iyanrìn ìsàlẹ̀ odò sínú igbá, tí ó fọ̀ ọ́ dáadáa ní ibi púpọ̀, tí ó sì jẹ́ pé eruku wúrà nìkan ni ó ń rí, kí ó fi owó ditẹ́ktọ̀ rẹ̀ pamọ́. Bí ó bá ń rí hóró tí ó tó orí ìṣáná tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

BÍ KỌ́ÌLÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kọ́ìlì ni àwo pẹlẹbẹ tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀rọ náà. Wáyà bàbà ni a ká sínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí iná láti inú bátìrì bá ń gba inú wáyà yìí kọjá, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ tàbí tí ó ń tàn tí ó ń kú, agbára òòfà yóò jáde láti inú rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Bí agbára yìí bá kan irin, bàbà, òjé tàbí wúrà, yóò ru iná kékeré sókè nínú rẹ̀. Iná kékeré náà yóò rán agbára òòfà tirẹ̀ padà sókè, kọ́ìlì yóò gbọ́ ọ, ẹ̀rọ yóò sì ké sí etí ẹni tí ó gbé e. Michael Faraday, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí hàn ní ọdún 1831.

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn pé ọlọ́gbọ́n pàápàá lè pàdánù bí ibi tí ó ti ń lo ẹ̀rọ kò bá bá ẹ̀rọ mu. Ní oṣù keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Garfield ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọta sì há sí i lára. Alexander Graham Bell, ẹni tí ó ṣe tẹlifóònù, gbé irú ẹ̀rọ yìí wá láti fi wá ọta náà. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n irin wà nínú ibùsùn tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ sí, irin náà sì ń da ohùn ẹ̀rọ rú. Yàtọ̀ sí èyí, dókítà kò jẹ́ kí Bell wá apá òsì ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá òsì gan-an ni ọta wà. Ààrẹ náà kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Bí irin ibùsùn ti da ẹ̀rọ Bell rú, bẹ́ẹ̀ náà ni irin inú ilẹ̀ pupa ṣe lè da ti ẹni tí ń wá wúrà rú.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé jíjìn jẹ́ ohun ọ̀wọ́n. Agbára tí kọ́ìlì ń rán jáde máa ń rẹ̀ bí ó bá ti ń lọ, ìdáhùn tí wúrà ń rán padà náà sì máa ń rẹ̀ bí ó bá ti ń bọ̀. Bí hóró wúrà kan bá ti jìn kọjá ìwọ̀n kọ́ìlì, tí a wá sọ jíjìn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdáhùn rẹ̀ lè dín kù títí yóò fi kù díẹ̀ bí ìdá kan nínú ìdá 64. Ìdí nìyí tí kọ́ìlì tí ó tóbi ní ìlọ́po méjì kì í fi í ríran jìnnà ní ìlọ́po méjì.

ŃLÁ TÀBÍ KÉKERÉ?

Àwọn àgbà wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ́ìlì rí. Kọ́ìlì kékeré, irú èyí tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 6, máa ń kó agbára rẹ̀ jọ sí ojú kan. Ó ń gbọ́ hóró wúrà kékeré dáadáa, ó fúyẹ́, ó sì lè ya ohun méjì tí ó sún mọ́ra sọ́tọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ríran jìn púpọ̀, ilẹ̀ tí yóò sì gbà ní ọjọ́ kan kò pọ̀.

Kọ́ìlì ńlá, láti ínṣì 15 sókè, ń ríran jìn ju kékeré lọ bí ohun tí ó wà nílẹ̀ bá tóbi. Ó sì ń gba ilẹ̀ púpọ̀ ní ìgbà kan. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ fọ́n káàkiri, kì í sì í sábà gbọ́ hóró kékeré, kódà bí hóró náà kò bá jìn sílẹ̀. Ó wúwo, apá a sì tètè rẹ ẹni tí ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ilẹ̀ tí ó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, nítorí náà ariwo irin inú ilẹ̀ tí ó ń gbọ́ náà pọ̀. Ìwọ̀n ínṣì 10 tàbí 11 ni ó wà láàárín, òun sì ni ó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí igbá bá fi hàn pé hóró kékeré ni wúrà ibẹ̀, kọ́ìlì kékeré ni ó tọ́ sí i. Ibi tí ènìyàn bá ti ní ẹ̀rí pé ègé wúrà tí ó nípọn wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó ti ronú nípa ńlá.

IGBÓ, KÙKÙTÉ ÀTI ÒKÚTA

Ohun kan wà tí ẹni tí ń ta ọjà kì í sábà sọ. Kọ́ìlì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara kan ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń wí yìí kì í ṣe pápá ìṣeré. Kùkùté wà níbẹ̀, gbòǹgbò kòkó wà níbẹ̀, òkúta sì yọ orí jáde láti inú ilẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Kọ́ìlì ínṣì 15 kò lè wọ àárín wọn. Orí wọn ni yóò máa gùn kiri. Bí ó bá fi ínṣì 4 ga ju ilẹ̀ lọ, ínṣì 4 ti sọnù nínú jíjìn rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú erùpẹ̀. Kọ́ìlì ínṣì 6, tàbí èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, tí ó jẹ́ ínṣì 10 ní gígùn àti ínṣì 5 ní ìbú, yóò wọ àárín òkúta méjì, yóò sì kan ilẹ̀. Báyìí ni kékeré ṣe ń rí ohun tí ńlá kò rí ní ojú ibi kan náà.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn gbọ́ pé kọ́ìlì ńlá ni ó sọ àwọn ènìyàn di olówó ní ilẹ̀ òkè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya lọ sí Djado ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger láti wá wúrà. Ní ọdún 2016, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Mauritania, ditẹ́ktọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé lọ. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Kò sí igbó, kò sí kùkùté, ilẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbalasa. Ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ tí ó ń yin kọ́ìlì ńlá lè máà purọ́, àmọ́ ilẹ̀ tí ó ti lò ó kò jọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

ARIWO ILẸ̀ YANGÍ

Gbogbo wa ni a mọ yangí, òkúta pupa tí ó ní ihò wínníwínní lára. Irin ni ó sọ ọ́ di pupa. Ní ìhà Ìtagúnmodi àti púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkúta dúdú tí ó ní irin púpọ̀ nínú ni ó jẹrà di erùpẹ̀ pupa. Bí kọ́ìlì bá kọjá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa dáhùn, ohùn wúrà kékeré a sì sọnù sínú ariwo náà, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí kànnàngó kékeré kan ń wí nígbà tí bàtá ń dún kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí ó mọ ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 sí 1975, lókìkí fún ìmọ̀ ìlù. Àwọn ọmọ Ẹdẹ kò ní ṣàì mọ̀ pé etí tí ó mọ ohun tí yóò yà sọ́tọ̀ ni ó ń gbọ́ ìlù.

Ọ̀nà tí a gbà ká wáyà sínú kọ́ìlì ni ó ń ran etí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kọ́ìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní DD. Àkájọ wáyà méjì tí ó rí bí lẹ́tà D ni ó wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀yìn wọn gun ara wọn díẹ̀ ní àárín. Ọ̀kan ń rán agbára jáde, èkejì ń gbọ́ ìdáhùn. Irú èyí máa ń fara da ariwo ilẹ̀ pupa ju àwọn yòókù lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní mónò ní àkájọ kan ṣoṣo tí ń rán tí ó sì ń gbọ́. Ó lè ríran jìn díẹ̀ sí i ju DD, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ yangí, DD kékeré tàbí ti àárín ni ó bọ́gbọ́n mu.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí irin ilẹ̀ kan ti pọ̀ tó, kí ó yọ òòfà tí ó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́, kí ó fi aṣọ wé e, kí ó sì wọ́ ọ lórí erùpẹ̀ gbígbẹ. Bí eruku dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n, ariwo yóò pọ̀ níbẹ̀.

ÌDÁNWÒ KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Ẹni tí ń ta ẹ̀rọ yóò ju òrùka wúrà sí afẹ́fẹ́ níwájú kọ́ìlì, ẹ̀rọ yóò sì ké tantan. Èyí kò fi ohun púpọ̀ hàn, nítorí kò sí ilẹ̀ nínú ìdánwò náà. Òjé ni kí ẹ lò, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí àwọ̀n, nítorí ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti wúrà. Kí a gé e sí wẹ́wẹ́: ọ̀kan bí orí ìṣáná, ọ̀kan bí ẹ̀wà, ọ̀kan bí èkùrọ́. Kí ẹlòmíràn sin wọ́n sínú ilẹ̀ pupa ní jíjìn ínṣì 2, ínṣì 4 àti ínṣì 6, kí ẹni tí yóò wá wọn má sì mọ ojú ibi tí wọ́n wà. Kọ́ìlì tí ó bá rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lórí irú ilẹ̀ tí a fẹ́ lọ wá ni kọ́ìlì tí ó yẹ.

Kí ẹni tí ń rà á tún béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni ó ní kọ́ìlì yìí fún un? Kọ́ìlì ẹ̀rọ kan kì í sábà bá ẹ̀rọ mìíràn ṣiṣẹ́, ayédèrú sì wà lọ́jà. Ṣé ìbòrí wà fún ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí òkúta má baà ha á? Ṣé omi lè kan kọ́ìlì nìkan, tàbí ó lè kan gbogbo ẹ̀rọ? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ni kọ́ìlì rẹ̀ lè wọ odò, ṣùgbọ́n tí omi yóò ba orí rẹ̀ jẹ́ bí ó bá kàn án.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí a wé wáyà kọ́ìlì mọ́ ọ̀pá gírígírí, nítorí wáyà tí ń mì ń mú ẹ̀rọ purọ́. Kí a gbé kọ́ìlì sókè sódò lórí ilẹ̀, kí a sì tún ẹ̀rọ ṣe títí ohùn ilẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Kí a máa jù ú lọ́ra, kí ìrìn kejì sì máa gun ìdajì ti àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì bínú bí ó bá gbẹ́ ihò mẹ́wàá tí ó rí ọta ìbọn ọdẹ, ìṣó àti ìdérí ìgò. Òjé ni ọta ìbọn ọdẹ. Kọ́ìlì tí ó bá rí i ti fi hàn pé òun lè rí wúrà tí ó tó o.

ÒFIN, OMI ÀTI Ẹ̀MÍ ÈNÌYÀN

Kọ́ìlì tí ó dára jù lọ kò sọ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ di aláre. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ lábẹ́ oko baba ẹni. Ilé-iṣẹ́ Mining Cadastre Office ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Òfin kan náà dáàbò bo ìtẹ́ òkú àti ibi mímọ́ lọ́wọ́ ìwakùsà. Ó ṣàǹfààní púpọ̀ kí àwọn tí ń fi ọwọ́ wa kùsà kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi owó èsúsú ra ẹ̀rọ kan pẹ̀lú kọ́ìlì méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi oko dógò.

Ẹ rántí odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Ó ti Òṣogbo ṣàn wá sí Ẹdẹ, ohunkóhun tí a bá dà sínú àwọn odò tí ń wọ inú rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí i bí omi náà ti di pupa nítorí ìwakùsà. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu ún. Mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń kó eruku wúrà jọ jẹ́ májèlé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òkúta wúrà wá sí ilé láti lọ̀ ọ́, kí ó má sì dáná sun mẹ́kúrì níbi tí ènìyàn ń gbé. Ẹni tí ó bá fi ditẹ́ktọ̀ wá hóró wúrà kò nílò mẹ́kúrì rárá; ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dí gbogbo ihò tí ó bá gbẹ́, kí ọmọ àti ẹran ọ̀sìn má baà jìn sí i.

Ní àkótán, ẹ̀yin ará, kí igbá kọ́kọ́ sọ bóyá hóró wà. Kí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́. Kí òòfà sọ bí ariwo ilẹ̀ ti tó. Bí ilẹ̀ bá pupa, tí igbó dí, tí òkúta sì pọ̀, kọ́ìlì DD kékeré tàbí èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a kọ́kọ́ mú. Ti ńlá lè dúró de ọjọ́ tí a bá rí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ẹ̀rí ègé ńlá sì wà níbẹ̀. Bí ìdánwò òjé bá kùnà, kí owó padà sí àpò, kí oko kòkó sì máa so lọ. Ẹni tí ó bá ní òkúta tí ó fura sí lè gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó ra ohunkóhun.